Pọ́ńpù, Ẹwìrì àti Fáàfù: Èrò lórí Ìsọlórúkọ Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Àpótí Ẹja

Ìwé pélébé tí ó máa ń wà nínú páálí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí ẹja onígíláàsì kì í sábà ju ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta lọ. Kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó ga níbẹ̀, kò sì sí gbólóhùn kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kò lè kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún onítumọ̀ tí ó dáńtọ́ pé kí ó sọ ọ́ di Yorùbá, wàhálà yóò dé, orí àkọlé ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Yóò lo ọ̀pọ̀ àkókò láti wá orúkọ fún ẹ̀rọ náà lódindi. Yóò hun ọ̀rọ̀ gígùn kan pọ̀, inú rẹ̀ yóò dùn sí i, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ìkánjú túmọ̀ ìyókù, níbi tí ẹ̀mí ẹja àti ilẹ̀ yàrá onílé wà gan-an. Èrò tí a gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìdàkejì ni ó yẹ kí ó rí. Àwọn ènìyàn ti sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ. Pọ́ńpù ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti ń pe èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ àti èyí tí ń fa omi láti inú kànga. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe sí i, ni ó yẹ kí onítumọ̀ fi òógùn rẹ̀ wá.

Irú orúkọ gígùn tí ó máa ń wá sí onítumọ̀ lọ́kàn kò ṣòro láti ronú kàn. Kí ó jẹ́ ẹ̀rọ afúnẹjalémìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó bá ìlànà ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, nítorí pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀, àbọ̀ sì wà níbẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán ni ó fi jọ. Irọ́ ni ó sì ń pa. Ẹja kì í mí afẹ́fẹ́ tí ó ń ta fòòfó gòkè nínú omi. Ọ́síjìn tí ó ti yòrò sínú omi, bí iyọ̀ ti ń yòrò sínú ọbẹ̀, ni ẹja ń lò. Àwọn ohun pupa ẹlẹ́lẹ̀ẹ́ tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tí obìnrin tí ń tún ẹja ṣe máa ń fà yọ sọnù, ni ó fi ń gbà á. Ìfófòó tí pọ́ńpù ń tú sí ìsàlẹ̀ àpótí kì í pẹ́ kí ó tó dé òkè, díẹ̀ sì ni èyí tí ó ń yòrò lára rẹ̀ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ tí ó tóbi jù tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbé omi ìsàlẹ̀ wá sókè, ó sì ń da ojú omi rú, kí omi tí ọ́síjìn rẹ̀ ti tán lè máa kan afẹ́fẹ́ inú yàrá, kí afẹ́fẹ́ tí ẹja ti lò tí ó sì mí jáde lè rí ọ̀nà lọ. Ojú omi ni wọ́n ti ń ná ọjà náà. Ìfófòó kàn ń kó àwọn ọlọ́jà jọ ni.

Ẹni tí ó bá gba orúkọ náà gbọ́ yóò fi owó àti ẹja rẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Yóò ra àpótí gíga tóóró tí ojú omi rẹ̀ kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ, yóò kó ẹja kún inú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń rí ìfófòó. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹja ń yọ ẹnu sókè omi, tí wọ́n ń gbọ́n ẹnu, yóò ní pọ́ńpù náà kò lágbára tó, yóò sì tún lọ ra òmíràn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí fi ojú ara rẹ̀ kò nílò yàrá ìwádìí: kí ó kán ẹ̀kán íńkì kan sí ìsàlẹ̀ àpótí tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì wo bí àwọ̀ náà yóò ti bá ìfófòó gòkè, tí yóò tàn ká ojú omi, tí yóò sì rọra padà sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru tún wà níbẹ̀. Lítà omi kan tí ó wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lè gba ọ́síjìn tí ó tó mílígíráàmù 9.1. Bí ooru omi náà bá di 30, kò ní lè gbà ju nǹkan bí mílígíráàmù 7.6 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni omi gbígbóná máa ń mú kí ẹja fẹ́ ọ́síjìn sí i. Ìwé ìlànà tí wọ́n kọ fún ilé tí òtútù ń mú kò wí nǹkan nípa èyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sin ẹja ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó nínú oṣù kẹta ọdún gan-an ni. Àwọn kan lè sọ pé ẹja inú gíláàsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá rárá. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rántí pé ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère kan, Pelvicachromis pulcher, tí àwọn olùsìn ẹja ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti ọjọ́ pípẹ́, inú odò gúúsù Nàìjíríà ni ó ti ṣẹ̀. Kí ó sì rántí pé àwọn tí ń sin àrọ̀ àti ẹpìyà pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun kan náà ni omi sì ń ṣe nínú àpótí àti nínú adágún. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lórí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ gidi, ìdí sì nìyí tí ó fi lè wà láàyè nínú agbada ọlọ́jà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹpìyà kò ní irú rẹ̀. Orúkọ tí ó bá pe gbogbo wọn ní ẹja, tí ó sì ní ẹ̀rọ kan ń fún wọn lémìí, ti da òtítọ́ méjì pọ̀ mọ́ irọ́ kan.

Orúkọ kejì tí ó lè wá sọ́kàn, ẹ̀rọ ọ́síjìn, kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí pọ́ńpù náà ń fà ni afẹ́fẹ́ tí ó bá yí i ká, nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 rẹ̀ sì ni ọ́síjìn. Bí wọ́n bá fín oògùn ẹ̀fọn sínú yàrá, oògùn náà ni pọ́ńpù yóò fà, omi ni yóò sì tú u sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ni kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan tí ó hàn, ṣùgbọ́n tí ó burú púpọ̀ fún ẹja. Bí ìwé ìlànà bá sọ pé afẹ́fẹ́ ni pọ́ńpù ń fà, ẹni tí ń kà á yóò béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ irú afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú yàrá rẹ̀. Bí ó bá sọ pé ọ́síjìn ni, kò ní béèrè. Nítorí náà, kí afẹ́fẹ́ jẹ́ orúkọ ohun tí ẹ̀rọ ń fà, kí ọ́síjìn, ọ̀rọ̀ àyálò, jẹ́ orúkọ ohun tí ẹja ń gbà nínú omi, kí èémí sì wà fún ohun tí ẹja fúnra rẹ̀ ń ṣe. Atẹ́gùn kò ní iṣẹ́ kankan níhìn-ín, nítorí pé ohun tí ń mi ewé igi ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀.

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí a gbọ́ dáadáa, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń mú un wá. Wọ́n á ní orúkọ kò ní láti sọ òtítọ́ kí ìmọ̀ tó lè lọ síwájú, ẹ̀rí wọn sì lágbára. Nígbà tí Antoine Lavoisier sọ ọ́síjìn lórúkọ ní ilẹ̀ Faransé ní 1777, láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń bí ásíìdì, nítorí pé ó gbà pé kò sí ásíìdì tí kò ní ọ́síjìn nínú. Ní 1810, Humphry Davy fi hàn pé ásíìdì kan wà tí kò ní ọ́síjìn nínú rárá. Orúkọ náà kò yí padà, títí di òní. Aquarium pàápàá, tí Philip Henry Gosse fi sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ ní 1854, ohun tí ó túmọ̀ sí ní èdè Látìnì àtijọ́ ni ibi tí màlúù ti ń mu omi. Kò sì sí ẹni tí ó ti ìtorí bẹ́ẹ̀ da màlúù sínú àpótí onígíláàsì.

Àtakò yìí gbe ẹni tí ó mú un wá lẹ́sẹ̀ kan, kò gbè é lẹ́sẹ̀ kejì. Lóòótọ́, orúkọ odindi nǹkan lè jẹ́ àmì lásán, ìdí gan-an sì nìyí tí pọ́ńpù fi tó. Kì í ṣàlàyé, kì í sì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kẹ́mísírì tí ń lo ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ní yàrá ìwádìí, ó ní ìwé, ó ní olùkọ́, ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò tọ́ ọ sọ́nà bí orúkọ bá ṣì í lọ́nà. Ẹni tí ó ra pọ́ńpù lọ́jà, ìwé pélébé inú páálí nìkan ni olùkọ́ rẹ̀. Níbi tí ó ti fẹ́ fi ọwọ́ kan nǹkan, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ darí ọwọ́ náà.

Ibi tí èdè Yorùbá ti ní ọrọ̀ tí àwọn onítumọ̀ kò nà án ni inú pọ́ńpù gan-an. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, kò sí ohun tí ń yí bíríbírí. Òòfà kékeré kan wà lórí apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irin tí wọ́n wé wáyà mọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná ọba a máa lọ, a sì máa bọ̀ nínú wáyà náà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní Nàìjíríà, ní ìgbà 60 ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni apá náà yóò sì ṣe máa mì. Èyí ni ó fa ohùn kíkùn tí wọ́n ń gbọ́ lára rẹ̀. Rọ́bà kan tí ó dà bí fìlà kékeré ni ó so mọ́ apá náà. Bí apá bá fà á, rọ́bà yóò ṣí, afẹ́fẹ́ yóò wọlé. Bí ó bá tì í, rọ́bà yóò sún kì, afẹ́fẹ́ yóò jáde gba ọ̀nà ọ̀pá lọ. Ewé rọ́bà pẹlẹbẹ méjì ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan fún ìwọlé, èkejì fún ìjáde.

Ẹni tí ó bá ti dé ilé àgbẹ̀dẹ rí mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹwìrì ni. Awọ tí wọ́n ń fà sókè, tí wọ́n sì ń tẹ̀ wálẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń gba inú ọ̀pá lọ sídìí iná: kí ni ó tún kù? Ẹwìrì àgbẹ̀dẹ a máa jẹ́ méjì, tí ẹni tí ń fín in yóò máa fi ọ̀pá tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ má baà dá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ pọ́ńpù àpótí ẹja ṣe ní rọ́bà méjì àti ẹnu ọ̀nà méjì. Ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún rọ́bà yìí ni ó tún fún iṣan tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn ènìyàn, onítumọ̀ tí kò tú ẹ̀rọ náà wò rí yóò lọ máa wá iṣan nínú pọ́ńpù. Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ọmọ yìí kò jìnnà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ó wà, ìdè mẹ́rin péré ni ènìyàn yóò sì tú.

Wọ́n lè ní àwọn ọ̀dọ́ kò mọ ẹwìrì mọ́, pé ilé àgbẹ̀dẹ tí ó kù ti ń lo ẹ̀rọ oníná. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nínú ìwé ìlànà náà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé kíkọ́ ni wọn yóò kọ́ ọ̀kan, èyí tí ó ní ìtumọ̀ nínú èdè wọn, tí bàbá àgbà ilé sì lè ṣàlàyé, ni ó yẹ kí wọ́n fún wọn. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ yòókù, kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé èdè náà kò lè gbé irú ẹrù yìí. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀. Ìdìpọ̀ méjèèjì Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ṣe iṣẹ́ ńlá fún àwọn tí ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Àwọn tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jókòó ti alágbẹ̀dẹ, àwọn tí ń lẹ táyà, àti ẹni tí ń sin ẹja.

Ní ti yíyan pọ́ńpù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń da gbogbo nǹkan rú: agbára. Onítumọ̀ a máa lo agbára fún iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, a máa lò ó fún iye afẹ́fẹ́ tí ó ń tú láàárín wákàtí kan, a sì tún máa lò ó fún bí ó ti lè ti afẹ́fẹ́ jìn tó nínú omi. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí. Iye lítà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, ìta gbangba ni wọ́n sábà ti ń wọ̀n ọ́n, níbi tí omi kankan kò ti dènà afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá ti ki ẹnu rọ́bà bọ omi, iye náà yóò dín kù, yóò sì máa dín kù sí i bí omi bá ti ń jìn tó. Afẹ́fẹ́ tí yóò jáde ní ìsàlẹ̀ omi tí ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 nílò ìtì tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí sẹ̀ǹtímítà 30 ń fẹ́. Nítorí náà, pọ́ńpù tí ó ń tú afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú àwo lè máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí gíga, láìsí pé ó bàjẹ́. Kí wọ́n pe ti àkọ́kọ́ ní ìjẹná, ti èkejì ní ìwọ̀n-ìtú, ti ẹ̀kẹta ní agbára-ìtì. Ìtì nìkan ìbá tó fún ìkẹta, bí kì í bá ṣe ti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ sí olùkàwé lọ́kàn.

Ibi tí àìtọ́ ọ̀rọ̀ ti lè ba ilé jẹ́ ni ibi tí wọ́n gbé pọ́ńpù sí. Gbogbo ènìyàn ni ó ti rí mẹkáníìkì tí ó fi rọ́bà fa epo jáde nínú ọkọ̀. Bí epo bá ti lè dé ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì fi ẹnu rọ́bà sí ìsàlẹ̀, epo yóò máa dà fúnra rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gbẹ. Rọ́bà pọ́ńpù tí wọ́n gbé sílẹ̀ lábẹ́ àpótí ẹja kò yàtọ̀ sí ti mẹkáníìkì. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, afẹ́fẹ́ ń ti omi sẹ́yìn. Nígbà tí iná bá lọ, omi lè gun inú rọ́bà padà, kí ó wọ inú pọ́ńpù níbi tí wáyà iná wà, kí ó sì máa dà sí ilẹ̀ yàrá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń dènà èyí. Èkínní ni kí pọ́ńpù wà ní ibi tí ó ga ju ojú omi lọ, kí wọ́n sì so ó dáadáa, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lè rìn títí tí yóò fi já sínú omi. Èkejì ni kí wọ́n fi fáàfù kékeré kan sí àárín rọ́bà, irú èyí tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lọ tí kì í jẹ́ kí omi bọ̀.

Fáàfù ni àwọn tí ń lẹ táyà ti sọ di ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Orúkọ irú fáàfù yìí ni ó ṣòro. Ẹnì kan tí ó ní etí fún èdè lè pè é ní fáàfù àrèmabọ̀, yóò sì tọ̀nà bí ó bá jẹ́ ìhun ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣọ̀fọ̀ rí mọ ìrìn-àjò tí Yorùbá ń pè ní àrèmabọ̀, kò sì ní fẹ́ rà á wá sílé. Fáàfù adènà-àbọ̀ sàn jù. Àlọ àti àbọ̀ yé ọmọ ọdún márùn-ún, orúkọ náà sì ń sọ ìhà tí ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí, nítorí pé bí wọ́n bá kọ ọ́ sódì, afẹ́fẹ́ kankan kò ní dé inú omi.

Nǹkan kan tún wà níhìn-ín tí kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ rárá. Ìwé ìlànà tí wọ́n kọ ní òkè òkun máa ń sọ̀rọ̀ nípa lílọ iná bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀: bí ó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ pé iná lọ. Onítumọ̀ tí ó jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé yóò kọ bí, ìwé náà yóò sì di ẹ̀rín lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á ní Mushin tàbí ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí ni ó yẹ kí ó kọ. Ó sì yẹ kí ó fi kún un, bí ẹni tí ó kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ kọ ọ́, pé nígbà tí iná bá pẹ́ kí ó tó dé, kí wọ́n má fún ẹja ní oúnjẹ, kí wọ́n máa fi kọ́ọ̀bù bu omi àpótí náà, kí wọ́n sì máa dà á padà láti òkè, kí ojú omi lè máa dàrú. Àwọn kan yóò ní ìtumọ̀ ti di ìwé mìíràn. Ẹja tí ó wà láàyè lówùúrọ̀ kò ní bá wọn jiyàn.

Ìtọ́jú ni ó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sì ni ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ń lò fún gbogbo ìmọ́tótó. Yorùbá ní fọ̀, nù, gbọ̀n, ṣàn àti họ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ tirẹ̀. Òwú kékeré abẹ́ pọ́ńpù tí ń sẹ́ eruku, gbígbọ̀n ni wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, bí ó bá sì ti dúdú jù, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Òkúta ìfófòó, èyí tí ń fọ́n afẹ́fẹ́ ká sínú omi, bí ihò rẹ̀ bá dí, kí wọ́n họ ara rẹ̀, kí wọ́n sì sè é nínú omi lásán, láìfi ọṣẹ kàn án. Òkúta tí ihò rẹ̀ ti dí a máa mú kí ẹwìrì máa ti afẹ́fẹ́ pẹ̀lú agídí, rọ́bà rẹ̀ a sì tètè gbó. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń pa ẹja ni kànìnkànìn tí pọ́ńpù ń fa omi gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ohun alààyè àìfojúrí tí ó wúlò ń gbé inú kànìnkànìn yìí, àwọn ni wọ́n sì ń sọ ìdọ̀tí ẹja di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ìwé bá sọ pé kí wọ́n fọ̀ ọ́, obìnrin ilé tí ó mọ ohun tí fífọ̀ jẹ́ yóò gbé ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ, yóò sì fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni ó ṣe. Kílórínì inú omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ náà yóò pa àwọn ohun alààyè wọ̀nyẹn, omi àpótí yóò sì di májèlé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣíṣàn ni ó yẹ kí ìwé wí: kí wọ́n bu omi àpótí náà sínú abọ́, kí wọ́n ṣàn án nínú rẹ̀, kí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì dá a padà bí ó ti pọ́n tó.

Òróró kò sí nínú ìtọ́jú yìí. Ó yẹ kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, nítorí pé ilé tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń jẹ òróró yóò fẹ́ kán díẹ̀ sí pọ́ńpù tí ń pariwo, òróró a sì máa ba rọ́bà jẹ́. Bí ohùn pọ́ńpù bá yí padà tí ìfófòó sì dín kù lẹ́yìn tí òkúta àti òwú ti mọ́, ẹwìrì ti là, rọ́bà tuntun ni yóò gbà.

Ẹ wo bí ìlànà kan ṣoṣo yóò ti rí bí wọ́n bá tẹ̀lé èrò yìí: “Ẹ gbé pọ́ńpù sí ibi tí ó ga ju ojú omi lọ. Bí kò bá ṣe é ṣe, ẹ fi fáàfù adènà-àbọ̀ sí àárín rọ́bà, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sí àpótí. Nígbà tí iná ọba bá lọ, omi kò ní rí ọ̀nà padà wá bá ẹwìrì.” Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ìgbìmọ̀ tí yóò fi ọwọ́ sí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ má kọ́kọ́ gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí wọ́n gbé e, pẹ̀lú páálí pọ́ńpù tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n ní kí ó tò ó pọ̀ lójú wọn, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Bí ó bá kọ fáàfù sódì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ni kí wọ́n tún ṣe.